Ìtàn Àwọn Tí Ń Ka Ẹyẹ Lọ́jọ́ Kérésìmesì

Ní àwọn ọdún tí ó parí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ogun abẹ́lé, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti so etíkun ìlà-oòrùn rẹ̀ mọ́ etíkun ìwọ̀-oòrùn, àṣà kan wà tí àwọn ọkùnrin ìgbèríko máa ń dá ní ọjọ́ Kérésìmesì. Wọn a pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a yan balógun tirẹ̀, oníkálukú a gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di inú igbó. Ohunkóhun tí ó bá ti ní ìyẹ́ tàbí irun lára, ìbáà ṣe èyí tí ó ṣeé jẹ tàbí èyí tí kò ṣeé jẹ, ìbáà ṣe ẹyẹ tí ń bá wọn ṣa kòkòrò lára ọ̀gbìn oko wọn tàbí ẹyẹ bíńtín tí kò ju àtàǹpàkò lọ, wọn a yìnbọn lù ú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a kó òkú ẹran àti òkú ẹyẹ jọ sí òkìtì méjì, wọn a kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tí òkìtì tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni a ó gbé oyè fún, gbogbo wọn a sì jùmọ̀ jókòó ti oúnjẹ ọdún. Ọdẹ aperin tiwa, tí ó mọ ẹran tí ó jẹ́ èèwọ̀, tí ó sì mọ ìgbà tí a kì í yìnbọn sí abo tí ó lóyún, ìbá wò wọ́n lóòró, ìbá sì mi orí. Nítorí kì í ṣe ebi ni ó lé wọn wọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n pa kò dé inú ìkòkò.

Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbèríko, ohun tí ó burú jù ú lọ ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro, níbi tí a kò ti ń gbọ́ ìró ìbọn rárá. Oge ìgbà náà ni pé kí obìnrin ọlọ́lá fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà mìíràn ìyẹ́ lásán, nígbà mìíràn apá méjèèjì, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ odindi ẹyẹ tí a gbẹ inú rẹ̀. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń wá lójú méjèèjì ni ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó máa ń hù lẹ́yìn àwọn ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ìbátan lékèélékèé, ní ìgbà tí wọ́n bá ń sàba lé ẹyin tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Nítorí náà, orí ìtẹ́ ni wọ́n ti ń pa ìyá, ebi a sì pa àwọn ọmọ sínú ìtẹ́. Ní àkókò kan, ìwọ̀n ìyẹ́ yìí lówó lórí ju wúrà tí ó tẹ̀wọ̀n dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Ibi tí owó bá sì ti ń peni, ẹsẹ̀ ẹni kì í wúwo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìhà New York nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frank Chapman, ọmọ bíbí ìlú Englewood ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹni tí a bí ní ọdún 1864, tí ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ wà nínú igbó. Ní ọdún 1886, ó rìn lẹ́ẹ̀mejì gba àwọn òpópónà Manhattan tí àwọn obìnrin ti máa ń nájà, kò ra nǹkan kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi pé ó ń wo orí wọn, ó sì ń ka àkẹtẹ̀. Nínú 700 àkẹtẹ̀ tí ó kà, 542 ni ìyẹ́ tàbí ẹyẹ wà lórí wọn, ó sì dá irú ẹyẹ 40 mọ̀ níbẹ̀, ní àárín ìgboro tí ènìyàn lè máa gbé láti ọdún dé ọdún kí ó má rí ìdajì wọn láàyè. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Ní ọdún 1888 ó wọ iṣẹ́ ní American Museum of Natural History, ilé ńlá tí a ń kó àwọn ohun ìṣẹ̀dá ayé sí ní New York, nígbà tí ó sì di ọdún 1899, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn olùfẹ́ ẹyẹ, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Bird-Lore.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fúnra wọn fi dìde sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1889, Emily Williamson kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Didsbury lẹ́bàá Manchester, wọ́n búra pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣọ̀ṣọ́ mọ́. Inú ẹgbẹ́ náà ni RSPB ti jáde, ẹgbẹ́ aláàbò ẹyẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn títí di òní. Ní Boston, ní ọdún 1896, Harriet Hemenway àti Minna Hall, àwọn obìnrin tí ilé wọn kún fún ọlá, jókòó ti ìwé orúkọ àwọn ìdílé ńlá ìlú náà, wọ́n ń yan àwọn obìnrin tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fi ìyẹ́ ṣe oge, wọ́n sì ń pè wọ́n wá sí ìjókòó tíì títí wọ́n fi yí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn padà. Orúkọ John James Audubon, olóògbé ayàwòrán ẹyẹ, ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ Audubon tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1900, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí òfin Lacey, èyí tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó ẹran tàbí ẹyẹ ìgbẹ́ tí a pa lòdì sí òfin ìpínlẹ̀ kan kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò kan ọdẹ ọjọ́ Kérésìmesì ní tààrà, níwọ̀n ìgbà tí òkìtì òkú rẹ̀ kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ́n tí Chapman dá sí èyí ni ó yẹ kí a dúró wò dáadáa. Àwọn àgbà wa ní a kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì. Ẹni tí ó bá dìde ní ọjọ́ ọdún láti sọ fún ọkùnrin tí ó ti wọ aṣọ ọdẹ pé kí ó jókòó sílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ sí. Chapman kò ní kí wọ́n jókòó sílé. Nínú Bird-Lore ti oṣù Kejìlá ọdún 1900, ó rọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì bí àwọn ọdẹ ti ń jáde, kí wọ́n rìn nínú igbó bí àwọn ọdẹ ti ń rìn, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí bí àwọn ọdẹ ti ń kà á, kí wọ́n sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, òun yóò tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tí ó rí jù. Ìdíje wà níbẹ̀, òtútù òwúrọ̀ àti ayọ̀ àtirí ohun tí ẹlòmíràn kò rí wà níbẹ̀. Ìbọn nìkan ni ó yọ kúrò.

Ènìyàn 27 ni ó dá a lóhùn ní ọdún àkọ́kọ́ náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1900, wọ́n jáde ní ibi 25, láti Toronto ní ilẹ̀ Kánádà títí dé Pacific Grove ní etíkun California. Chapman fúnra rẹ̀ kà ní Englewood, ìlú rẹ̀, ẹlòmíràn sì kà ní Central Park ní àárín gbùngbùn New York. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹyẹ bí 18,500 ni wọ́n rí, irú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90. Àpapọ̀ yìí kéré bí a bá fi wé ti òde òní, nítorí àgbègbè kan péré ní Texas lónìí lè rí irú ẹyẹ tí ó ju 200 lọ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́, à-fi-orí-tì-í dópin ni oníṣẹ́.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè fura sí kíkà náà, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹni tí ó bá sì dúró ní ìta tí ó ń nàka sí ọmọ ọlọ́mọ ní ení, èjì, ẹ̀ta, ìyá wọn yóò bi í léèrè ohun tí ó ń wá. Ìfura yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó dé bá ẹyẹlé aṣíkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí tí agbo rẹ̀ kan fi lè máa fò kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí yóò sì ṣíji bo oòrùn. Kò sí ẹni tí ó kà á nígbà tí ó pọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè tán. Wọ́n ń pa á tà ní ọjà, wọ́n ń gé igbó tí ó ń sùn sí, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, abo tí wọ́n ń pè ní Martha, nínú ọgbà ẹranko ìlú Cincinnati. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1914, òun náà kú. Ìgbà tí ó ku ọ̀kan ni kíkà rẹ̀ rọrùn jù, ìgbà náà sì ni kíkà kò ní àǹfààní kankan mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn aláàbò ẹyẹ tọ̀ láti ọdún 1900 wá kò tẹ́jú. Ní Florida, ní ọdún 1905, ọ̀kan nínú àwọn tí ń pa ẹyẹ nítorí ìyẹ́ yìnbọn pa Guy Bradley, ẹ̀ṣọ́ tí a yàn láti máa dáàbò bo ìtẹ́ àwọn ẹyẹ funfun. Ikú rẹ̀ ru ìbínú sókè ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1916, Amẹ́ríkà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ń dúró fún Kánádà, ṣe àdéhùn lórí àwọn ẹyẹ aṣíkiri, ní ọdún 1918 àdéhùn náà sì di òfin, tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọdẹ Kérésìmesì ń kó jọ sí òkìtì di ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ fa ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà náà, ìran ọmọ tí kò mọ ọdún Kérésìmesì láìsí kíkà ẹyẹ ti ń dàgbà.

Ìṣòro mìíràn sì wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu kàn. Ní ayé àtijọ́, àwọn onímọ̀ gbà pé ẹyẹ tí a kò bá tíì pa, tí a kò sì gbé lé ọwọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi dánilójú sọ irú èyí tí ó jẹ́. Ludlow Griscom, tí ó gbé ní New York kí ó tó lọ sí Massachusetts, ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé a lè fi awò ìwo-òkèèrè dá ẹyẹ mọ̀ lórí ìfò, nípa àmì apá, ìrù àti ìṣe rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́sàn-án kan ní Bronx dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1924, wọ́n gba ẹ̀kọ́ Griscom bí ọmọ awo ti ń gba ifá, wọ́n sì ń wá ẹyẹ kiri dé orí ààtàn Hunts Point, níbi tí ìdọ̀tí ìlú ti ń fa oríṣìíríṣìí ẹyẹ mọ́ra. Roger Tory Peterson, ọ̀rẹ́ wọn tí ó wá láti Jamestown, fi ọgbọ́n yìí ṣe ìwé pélébé tí ó ní àwòrán, tí ó fi ọfà kékeré tọ́ka sí àmì tí ojú gbọ́dọ̀ wá lára ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1934 ni ìwé náà jáde. Láti ìgbà náà ni alágbẹ̀dẹ, olùkọ́ ilé ìwé àti ìyá ọlọ́mọ ti lè ṣe ohun tí ó jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe kíkà Kérésìmesì náà lónìí rèé. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ìlú kọ̀ọ̀kan a mú ọjọ́ kan ṣoṣo. Àgbègbè tí wọn yóò kà rí roboto, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 15 láti etí kan dé èkejì. Wọn kì í yí ààlà náà padà, kí ti ọdún yìí lè ṣeé fi wé ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Akọ̀wé kan ni ó ni àkóso gbogbo rẹ̀, òun ni ó ń pín àgbègbè náà sí ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, olórí náà a sì fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín àwọn tí ojú wọn ti là, nítorí pé a kì í dán ẹnikẹ́ni wò, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí yìnyín ṣì ń ta yanranyanran lábẹ́ ìràwọ̀, àwọn kan ti wà nínú igbó tí wọ́n ń sín òwìwí jẹ kí ó lè dá wọn lóhùn. Òwìwí tí ó jẹ́ pé bí ó bá ké lórí òrùlé lọ́dọ̀ wa, adúrà ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, òun ni wọ́n ń fi ọ̀yàyà bẹ̀ pé kí ó ké sí i. Bí oòrùn bá yọ, wọn a gba etí odò lọ wo pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, wọn a gba inú oko àti itẹ́ òkú, àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́ a jókòó sí ojú fèrèsé, wọn a ka àwọn tí ó wá jẹ ọkà tí a dà sí àgbàlá.

Gbogbo ẹyẹ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe irú rẹ̀ nìkan. Bí ológoṣẹ́ bá jẹ́ 43, wọn a kọ 43. Bí agbo bá pọ̀ ju ojú lọ, wọn a ka mẹ́wàá, wọn a wo iye ìgbà tí mẹ́wàá náà wà nínú agbo. Wọn a tún kọ iye wákàtí tí wọ́n fi rìn àti iye máìlì tí wọ́n rìn, nítorí bí ènìyàn ogún bá rí idì púpọ̀ ju èyí tí ènìyàn méjì rí lọ, ó lè jẹ́ pé ojú ni ó pọ̀ sí i, kí ó má jẹ́ idì. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìpín a pàdé nídìí ọbẹ̀ gbígbóná, akọ̀wé a máa pe orúkọ ẹyẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olórí ìpín kọ̀ọ̀kan a máa sọ iye tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ní ogójì ọdún, ariwo a sọ, àwọn àgbà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí adájọ́ ti ń wádìí ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́ tí ènìyàn 27 bẹ̀rẹ̀ ti di ti àwọn tí ó lé ní 70,000 ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ní àgbègbè tí ó ju 2,000 lọ, láti Kánádà títí wọ Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá náà ti wá di ẹ̀rí. Inú wọn ni a ti rí bí starling, ẹyẹ dúdú dídán tí wọ́n gbé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tú sílẹ̀ ní Central Park ní ọdún 1890, ṣe gba gbogbo ilẹ̀ náà títí dé etíkun kejì. Inú wọn ni a ti ń rí ìpadàbọ̀ idì olórí funfun, èyí tí oògùn apakòkòrò DDT ti sọ èèpo ẹyin rẹ̀ di fẹ́lẹ́, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run kí ìjọba tó fi òfin de oògùn náà ní ọdún 1972. Nígbà tí ẹgbẹ́ Audubon yẹ ogójì ọdún nínú àkọsílẹ̀ náà wò ní ọdún 2009, nínú irú ẹyẹ 305 tí wọ́n gbé yẹ̀wò, 177 ni ó ti ń lo ìgbà òtútù ní ìhà àríwá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé òtútù ibẹ̀ kò mú tó ti àtijọ́ mọ́. Àwọn onímọ̀ kan tún kó irú àkọsílẹ̀ báyìí jọ ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé láti ọdún 1970, ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3 ti dín kù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ irú ẹyẹ tí ojú ti mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fura.

Ẹyẹ kan wà nínú ìwé náà tí ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò fi í hàn án. Lékèélékèé, ẹyẹ àlà tí ń tẹ̀lé màlúù lẹ́yìn, fò láti Áfíríkà sọdá òkun Àtìláńtíìkì fúnra rẹ̀, òkun kan náà tí wọ́n ti fi ọkọ̀ kó àwọn ènìyàn wa kọjá nínú ẹ̀wọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìhà Guyana àti Suriname. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ó ti dé Florida, ní ọdún 1953 wọ́n rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, akọ̀wé tí ó bá ń pe orúkọ ẹyẹ ní Florida tàbí ní Texas yóò pe tirẹ̀, wọn yóò sì kà á mọ́ ọmọ ilẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kan ra.

Ilẹ̀ kò fi ìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Audubon tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ ra ẹrú, ó sì ta ẹrú, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà sì mọ̀ pé bí àwọn bá gbé awò kọ́ ọrùn nínú igbó, ẹni tí ó bá rí wọn lè pe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Christian Cooper, àgbà nínú awòyẹ, wà ní Central Park, ó ní kí obìnrin funfun kan fi okùn so ajá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ọgbà náà. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá, ó ní ọkùnrin dúdú kan ń halẹ̀ mọ́ òun. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dúdú ti dá ọ̀sẹ̀ awòyẹ tiwọn sílẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé àwọn wà. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Audubon ti ìlú New York pa orúkọ yẹn tì, wọ́n di NYC Bird Alliance; ẹgbẹ́ àpapọ̀ ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ti pinnu ní ọdún 2023 pé àwọn kò ní yí orúkọ padà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní kíkà tiwọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń ka ẹyẹ omi ní ìgbà òtútù láti ọdún 1947, ní ọdún 1979 sì ni RSPB bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ọmọdé jókòó fún wákàtí kan ní oṣù Kìíní, kí wọ́n ka ẹyẹ àgbàlá. Ní oṣù Kìíní kan náà ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, títí kan àwọn àbàtà Hadejia àti Nguru ní àríwá Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú ẹyẹ Yúróòpù ti ń sá fún òtútù, tí wọ́n ń wá jẹun nínú ọyẹ́. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ ẹyẹ tí a ń pè ní APLORI, lẹ́bàá igbó Amurum, ń ṣe agbátẹrù àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn ní ìlú gbogbo láti kọ ẹyẹ tí ó wà ní igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀.

Chapman kú ní ọdún 1945, kí DDT tó ṣe ibi rẹ̀, kí a tó mọ̀ pé ẹyẹ ń sún sí àríwá, kí ẹnikẹ́ni tó lè rí ohun tí àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ń wí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 27 náà tí ó lè sọ ohun tí ìwé òun yóò wúlò fún. Wọ́n kàn kọ iye tí wọ́n rí. Ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn wà títí di òní ni pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ mọ irú ènìyàn tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Òfin ti ọdún 1918 lè gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, ó sì dára bí ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè jí ènìyàn dìde ní agogo mẹ́rin ìdájí láti lọ dúró nínú yìnyín, kí ó máa ka pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní pa, fún ìwé tí kò ní gba owó lé lórí. Ayọ̀ ọdẹ ni ó ń jí i, Chapman sì ti fi ayọ̀ náà sílẹ̀ fún un.